Òṣùwọ̀n Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Wọn Ọmọ Yorùbá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ní ayé àtijọ́, igba ojú náà kò ju ti ìyá, ti bàbá, ti ìyá àgbà, ti àwọn orogún àti ti ará agbo ilé lọ. Ní ayé òde òní, àwọn ojú mìíràn ti kún un: ojú dókítà àti ti nọ́ọ̀sì, ojú olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, àti ojú àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń mú ìwé àti gègé tọ ọmọ lẹ́yìn kí wọ́n lè mọ bí ó ti ń dàgbà. Ìbéèrè tí ó wá kù nílẹ̀ ni pé, nínú gbogbo ojú wọ̀nyí, èwo ni ó ń rí ọmọ bí ó ti rí gan-an?

Abúlé Ẹ̀gbá, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, jẹ́ ibi tí ìbéèrè yìí ti ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Orúkọ àdúgbò náà fi hàn pé abúlé ni ó ti jẹ́ rí, ṣùgbọ́n abúlé náà ti di ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ ní ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Àwórì, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá ni ó jọ ń gbé ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń sáré kọjá lábẹ́ afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, kí wọ́n lè rí àyè nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń ná Oṣòdì. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sí lọ́wọ́ ìyá àgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti ìlú, yóò wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ.

Ìjà ìyá àgbà àti ìyàwó

Ìdí omi ìwẹ̀ ni ìjà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà a na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, a tẹ́ ọmọ lé e, a fi kànrìnkàn àti ọṣẹ bó o lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ó bá ti ṣan ọṣẹ náà tán, a nà án lápá, a nà án lẹ́sẹ̀, a fi òróró pa á lára, a sì sọ ọ́ sókè díẹ̀ kí ó má baà ya ojo. Ìyàwó tí ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn ní ilé ìwòsàn yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ rọra, kí apá rẹ̀ má yẹ̀.” Ìyá àgbà náà yóò sì dá a lóhùn pé, “Ṣebí báyìí ni mo ti wẹ ọkọ rẹ. Apá rẹ̀ ha yẹ̀ bí?”

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìjà náà a kúrò nídìí omi ìwẹ̀, a di ti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n mú ọmọ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò; olùkọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni orúkọ àwọ̀ yìí, mélòó ni ìka yìí. Ọmọ náà wolẹ̀, kò fọhùn. Nílé, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé ọmọ tí ó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró kò ní ẹ̀kọ́. Ní ilé-ìwé, ohun kan náà ni wọ́n kà sí àìjáfáfá. Ọmọ tí ó ń dá lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ ìtòsí, tí ó sì ń mú ṣéńjì padà wálé láìdín kọ́bọ̀, ni wọ́n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò tíì tó ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Àṣìṣe méjì ni ó wà níhìn-ín. Àwọn kan gbà pé ohun gbogbo tí ó bá ti ọwọ́ àwọn ìyá wa wá jẹ́ ìwà àìmọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ohun gbogbo tí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ kò ní àbùkù. Apá méjèèjì ni kò béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ní í ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àfẹnusọ.

Bí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí

Ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ kì í ṣe awo. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Èkíní: kí ni ọmọ ń bá wáyé, kí sì ni ó ń kọ́ láyé? Èkejì: ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń dàgbà bí ọ̀pẹ ti ń ga, àbí ipele ni ó ń gùn bí ẹni tí ń gun àkàbà? Ẹ̀kẹta: kí ni ó pa gbogbo ọmọ aráyé pọ̀, kí sì ni ó jẹ́ ti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Láti dáhùn wọn, àwọn onímọ̀ a máa lo ọ̀nà bíi mẹ́ta. Wọ́n lè jókòó sínú ilé kí wọ́n máa wo ọmọ àti àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Wọ́n lè bi àwọn òbí léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n sì lè gbé ìdánwò síwájú ọmọ. Àwọn kan a kó ọmọ ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n a fi wọ́n wé ara wọn. Èyí yá, kò sì náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè tan ni jẹ, nítorí ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, kò bá ayé kan náà pàdé bí ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2023. Àwọn mìíràn a tọ ọmọ kan náà lẹ́yìn fún ọdún púpọ̀. Ìyẹn ni ó lágbára jù, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ó gba owó, àwọn ẹbí mìíràn a sì ti kó kúrò ládùúgbò kí iṣẹ́ tó parí.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wádìí. Ní ọdún 2008, Jeffrey Arnett ṣe àyẹ̀wò àwọn ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ pàtàkì ti ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ni ó wá láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tí ó bá wọn tan, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wọ̀nyí kò ní ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn inú ayé lọ. Bí ẹnì kan bá wọ ẹsẹ̀ ará ilé rẹ̀ nìkan kí ó tó rán bàtà fún gbogbo ọjà, ta ni yóò bá a mu?

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ọwọ́ nínú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1954, Mary Ainsworth lọ sí Uganda. Ó ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ògbufọ̀ láàárín àwọn Baganda, ó sì wo ọmọ 28 lọ́dọ̀ ìyá 26. Ó rí i pé ọmọ a máa rákòrò jìnnà sí ìyá rẹ̀ láti lọ wo ohun tuntun, a wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ̀rù bá sì bà á, a padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1967. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó wá ṣe ìdánwò kan tí ó gbajúmọ̀ káàkiri ayé: ìyá àti ọmọ bí ọlọ́dún kan yóò wọ yàrá tí wọn kò dé rí, àjèjì yóò wọlé bá wọn, ìyá yóò jáde, yóò sì padà wọlé. Bí ọmọ ti ṣe nígbà tí ìyá padà dé ni wọ́n fi ń mọ bí okùn ìfẹ́ àárín wọn ti le tó.

Ìdánwò náà dára, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Ní ọdún 2001, Mary True àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn Dogon ní ilẹ̀ Mali, níbi tí ìyá kì í jìnnà sí ọmọ, tí ọmú kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n wò, wọn kò rí ẹyọ kan tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá nígbà tí ó padà dé, bẹ́ẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí èyí mú ni ronú. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là kọjá láàárín, láti ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń bọ́ sí ẹ̀yìn aládùúgbò, láti itan aládùúgbò ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá sunkún nígbà tí àjèjì gbé e, ṣé àìfẹ́ràn ìyá ni, àbí ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ní?

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọmọ náà ní ẹlẹ́rìí. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ará Faransé kan, Marcelle Geber, kéde láti Uganda pé ọmọ Áfíríkà a máa yára ju ọmọ aláwọ̀ funfun lọ nínú jíjókòó àti rírìn. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ni. Charles Super lọ bá àwọn Kipsigis gbé ní Kẹ́ńyà, ó sì fi àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ọdún 1976. Lóòótọ́, ọmọ Kipsigis fi nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọmọ Amẹ́ríkà nínú jíjókòó àti rírìn. Ṣùgbọ́n nínú yíyí ara padà àti rírákòrò, kò ṣáájú rárá. Kí ni ìdí? Àwọn ìyá Kipsigis a máa kọ́ ọmọ ní jíjókòó àti rírìn ní tààrà, wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú èdè wọn fún irú ẹ̀kọ́ náà; ẹnikẹ́ni kò sì jókòó kọ́ ọmọ ní rírákòrò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ ni ó yá fún un. Ìyá Yorùbá tí ó fi aṣọ rọ ọmọ yíká kí ó lè jókòó, tàbí tí ó di ọmọ lọ́wọ́ méjèèjì mú kí ó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí ti wọn. Olùkọ́ ni ìyá àgbà ní ìdí omi ìwẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ti Robert Serpell ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé fi sọ́kàn jù. Ní ọdún 1979, ó gbé àbájáde ìdánwò kan jáde tí ó ṣe fún àwọn ọmọ ní Lusaka ní ilẹ̀ Zambia àti ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí wọ́n wo àwòṣe kan, kí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pẹ́ńsù àti bébà, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ta yọ. Nígbà tí ó jẹ́ wáyà, àwọn ọmọ Zambia ni ó ta yọ, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò tí wọ́n ń fi ṣeré. Nígbà tí ó jẹ́ amọ̀ mímọ, tí àwọn méjèèjì mọ̀, wọ́n dọ́gba. Bí ó bá ṣe pé pẹ́ńsù nìkan ni ó gbé lọ, yóò ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ Zambia kò gbọ́n tó.

Ohun tí Yorùbá ti mọ̀

Yorùbá ní ìlànà ìdàgbàsókè ọmọ tirẹ̀ kí ìwé tó dé. Láti ìkókó a di ọmọ ọwọ́, láti ọmọ ọwọ́ a di ọmọ ìrákòrò, láti ìrákòrò a di ọmọ ìrìnsẹ̀, kí ó tó di màjèṣín. Iye oṣù kọ́ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, bí kò ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe àti ipò tí ó wà láàárín ènìyàn. Bame Nsamenang, ọ̀mọ̀wé ará Kamẹrúùnù, tẹnu mọ́ irú èrò yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1992: ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí ọmọ ti ń gba ojúṣe nínú ẹbí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ń dàgbà.

Ìdánwò ọgbọ́n náà wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Kí a rán ọmọ ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó rántí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó mọ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún lójú ọ̀nà, kí ó sì mú èsì padà bí wọ́n ti sọ ọ́: ìrántí, òye, ìṣirò àti ìwà ni a fi iṣẹ́ kan ṣoṣo wọ̀n. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ ní wíwá ìdí ọ̀rọ̀. Ayò ọlọ́pọ́n ń kọ́ ọ ní kíkà àti ríronú ṣáájú. Alastair Mundy-Castle, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, kọ ọ́ ní ọdún 1974 pé ọ̀nà méjì ni ọgbọ́n pín sí: ọgbọ́n tí a fi ń lo nǹkan, àti ọgbọ́n tí a fi ń bá ènìyàn gbé. Ó ní Áfíríkà fi èkejì ṣe olórí. Ayé tí àwọn ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá ń lọ sínú rẹ̀ ń fẹ́ méjèèjì.

Ti èdè náà kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà kò dín sí ẹgbẹ́ wọn. Ìròyìn ìwádìí náà sọ pé wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ó fagi lé e ní ọdún 2025. Àwọn tí ó yìn ín fún èyí ní ìdí tiwọn: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó sì jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan ní Èkó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí náà ni a ó ṣe máa fi Gẹ̀ẹ́sì wọn òye ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí kò gbọ́ ọ rí nílé? Kí a kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí kí a fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́jọ́.

Èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀

Ẹni tí yóò gbèjà àṣà gbọ́dọ̀ lè sọ òótọ́ fún un. Rírọ ọmọ, kí a tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, kí a dí i nímú, kí a sì da ògì tàbí àgbo sí i lọ́fun, ti pa ọmọ rí, nítorí ohun mímu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bíbu omi fún ìkókó kò ṣe é gbèjà pẹ̀lú. Ọmú nìkan, láìsí omi, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó, nítorí omi wà nínú wàrà ìyá, omi tí kò mọ́ sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní ti ìwẹ̀, nínà tí a rọra nà án kò ní ìbàjẹ́ nínú. Sísọ sókè àti fífà lọ́rùn ni kí ìyá àgbà jáwọ́ nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ìwádìí tí a ṣe dáadáa lè mú ìbẹ̀rù kúrò. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n jáde láti ara àwọn ọmọ ilẹ̀ márùn-ún, tí Gánà wà lára wọn. Ó fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè bẹ̀rẹ̀ sí rìn fúnra rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ títí di nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Nítorí náà, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn ní oṣù mẹ́tàlá má ṣe bẹ̀rù, kí aládùúgbò má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá oṣù méjìdínlógún, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ilé aríran.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá

Iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró de àlejò. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Olùkọ́ tí ó bá ní ìwé àjákọ kan lè bẹ̀rẹ̀ lónìí: kí ó kọ oṣù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, tí ó rìn, tí ó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀, kí ó kọ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ àti èdè tí ń bẹ nílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n kọ ọ̀nà ìwẹ̀, ìpọ̀n àti ìránníṣẹ́ sílẹ̀ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe é. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n fi orúkọ ọmọ bò, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn tí ó ni ọmọ. Kí ilé-ìwé tí ń gba ọmọ wọlé fi èdè ilé rẹ̀ bi í léèrè kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, kí ó sì tún bi ìyá rẹ̀ léèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà lè jẹ́.

Ní ti ìyá àgbà àti ìyàwó, ìdí omi ìwẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ jókòó sí. Kí ìyá àgbà fi bí a ti ń na ọmọ han ìyàwó, kí ìyàwó sì sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn nípa omi àti àgbo fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òun náà ni a ó fi tọ́ ọmọ ní Abúlé Ẹ̀gbá.